Ìwé Inú Àpò Yemayá

Silvia ti tú dúrọ́ọ̀ kẹrin sílẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Kò kí mi. Ó gbọn aṣọ kan wò, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa dúrọ́ọ̀ karùn-ún.

"Kò sí," ó ní. "Kò sí níbì kankan. Ó ti gbé e lọ."

"Ta ni?"

"Obìnrin tó ń tọ́jú Mami. Ọmọ ìlú yín."

Ìyá rẹ̀, Norma, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó káwọ́ lé itan. Ó wò mí, ó mi orí.

"Salá," ó ní, "o wá kàwé. Ìwé ti lọ."

Mo ṣí fìlà mi. Mo jókòó.

Láti ìgbà ooru ọdún tó kọjá, 1985, ni èmi àti Norma ti ń jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà létí adágún, ní Rogers Park. Matanzas ni wọ́n bí i sí, ní Kúbà, níbi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀ tí ìlú sì yí i ká. Èkó ni wọ́n bí èmi sí. Sàláhúdéènì lorúkọ mi. Òun ló gé e kúrú. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wà nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá, láti Marina dé Àgbádárìgì. Nígbà tí ìyàwó mi kú, Àdùfẹ́ ọmọ mi mú mi wá sí Chicago. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, tirẹ̀ ti Kúbà, tèmi ti bárékè. Ọ̀rọ̀ èbúté la máa ń sọ. Òun a sọ tirẹ̀, èmi a sọ tèmi, a ó wá dákẹ́.

Lórí bẹ́ńṣì yẹn ló ti sọ fún mi nípa ìwé. Baba ńlá rẹ̀ kan, tí àwọn olówó rẹ̀ pè ní Gabriel, ni ọkọ̀ ẹrú já sí Matanzas. Ó fi ìwé kan sílẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, lédè Lárúbáwá, tí wọ́n rán mọ́ inú awọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ Yemọja, tí wọ́n ń pè ní Yemayá. Wọ́n rán àpò ìlẹ̀kẹ̀ búlúù àti funfun bo awọ náà, wọ́n gbé e sílẹ̀ lábẹ́ ìkòkò omi òrìṣà. Wọn kò tú u rí. Ìyá-ìyá Norma ló pa á láṣẹ pé ẹni tó bá ti òdìkejì omi wá ni kó kà á.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún Norma, agogo méje àárọ̀. Ó fẹ́ gbọ́ ohun tí ìwé náà wí kó tó dùbúlẹ̀ fún wọn. Mo lọ ilé kéwú lọ́mọdé. Ó ní kí n wá ní Sátidé.

Sátidé nìyí.

"Ọlọ́pàá ti dé síbí," Silvia wí. "Ó kọ ìlà mẹ́ta. Ó bi mí léèrè iye tí ìwé náà tó. Mo ní kò ní iye. Ó ń padà bọ̀ lọ́la, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí n fún un lórúkọ ẹni tí mo fura sí."

"O kò tíì fún un?"

"Mami ní kí n dúró dè yín."

"Dúró di agogo márùn-ún náà."

Ó fẹ́ jiyàn. Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó padà sídìí dúrọ́ọ̀. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Romeoville ló ti ń ṣiṣẹ́. Torí wíwá páálí tó sọnù ni wọ́n ṣe ń sanwó fún un. Mo wo yàrá náà káàkiri. Gbogbo nǹkan ló ti tú, láti ilẹ̀ dé ibi tó ga tó àyà èèyàn.

Mo lọ sí igun ilé tí ìkòkò Yemayá wà. Àpò ìlẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀, lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Wọ́n ká a sí mẹ́rin. Ó ṣófo.

"Ta ló ká a báyìí?"

"Bá a ṣe bá a nìyẹn," Silvia wí.

Mo fọwọ́ kan abẹ́ ìkòkò. Ó tutù. Ìkòkò náà ti sán, omi ń kán díẹ̀díẹ̀ sórí ẹní.

"Norma, ọjọ́ wo lo fọwọ́ kan ìwé náà kẹ́yìn?"

"Ọjọ́rú. Mo fọwọ́ tẹ àpò náà, mo gbọ́ bí awọ ṣe dún nínú rẹ̀."

"Ta ló wọlé lẹ́yìn ìyẹn?"

"Gerardo, ọmọ àbúrò mi, ní Ọjọ́bọ̀. Ràhámọ̀tù wà níbí ní Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì. Òun ló ń wẹ̀ mí."

"Kí lo gbọ́ ní ọjọ́ Ẹtì?"

Ó ronú. "Mo ń tòògbé. Mo gbọ́ omi ní balùwẹ̀. Ó ń ṣàn, ó dúró. Ó tún ṣàn, ó tún dúró. Mo rò pé aṣọ ló ń fọ̀."

"Ṣé o rí aṣọ tútù?"

"Rárá."

"Lẹ́yìn omi ńkọ́?"

"Àga. Ó fa àga ní ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà ó wá fún mi lóògùn mi. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó tilẹ̀ ń kọrin."

"Olè tó ń kọrin," Silvia wí. "Mo pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, 'Níbo ni ohun Yemayá wà?' Ó ní òun kò fọwọ́ kàn án rí, òun kò sì ní fọwọ́ kàn án láé. Ó fi Ọlọ́run búra kí n tó parí ọ̀rọ̀! Mo pe iléeṣẹ́ tó rán an wá. Wọ́n ti ní kó má wá mọ́."

Mo dé fìlà mi.

"Ẹ ń lọ bá a?"

"Gerardo ni mo kọ́kọ́ ń lọ bá."

*

Ṣọ́ọ̀bù Gerardo kò jìnnà. Ó ń ta aago àtijọ́, àwo àtijọ́, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé. Bó ṣe rí mi, ó fọwọ́ ti dúrọ́ọ̀ kan pa.

"Baba Áfíríkà! Ẹ fẹ́ ra aago?"

"Mo ní aago. Ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn."

"Ìwé ìtajà lásán ni."

"Ṣí i."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ṣí i. Ó yọ ìwé kan jáde, ìwé pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ ti jó. "Mo mọ̀ pé èmi lẹ máa rò. Ẹ wò ó, kì í ṣe ti Àǹtí Norma. Ọkùnrin kan ló tà á fún mi ní Ọjọ́bọ̀. Máàpù ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú ni. Èkó, ọdún 1830. Mo fẹ́ fún Àǹtí kó tó lọ ọsibítù."

Mo tẹ́ ẹ sórí káúńtà. Èkó ni lóòótọ́. Mo rí Ìddó. Mo rí Apápá. Mo rí etí omi Marina, níbi tí èmi àti Ṣàkírù, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ti máa ń jẹ ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ kí a tó ju okùn ọkọ̀ sílẹ̀. Ṣàkírù ti kú. Mo wo máàpù náà pẹ́.

"Baba?"

"Gerardo, kí ni ìlà méjì yìí, ní ẹnu ọ̀sà?"

"Ó dà bí ògiri."

"Ògiri òkúta ni. Baba mi wà lára àwọn tó da òkúta yẹn sínú òkun. Reluwé ló ń kó o wá láti Abẹ́òkúta. Kò ju ọdún mélòó kan lọ kí wọ́n tó bí mi."

"Kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Ní ayé ọkọ̀ ẹrú, kò sí ògiri. Iyanrìn ló wà lábẹ́ omi níbẹ̀, àti ìgbì. Ọkọ̀ ńlá kì í wọlé. Ìta ló ń dúró sí. Ọkọ̀ àjẹ̀ ló ń kó àwọn èèyàn la ìgbì kọjá lọ bá a. Àwọn mìíràn kì í débẹ̀."

Ó fọwọ́ bo ojú. "Wọ́n lù mí ní jìbìtì."

"Gbọ́ òórùn rẹ̀."

Ó gbé e símú. "Tíì!"

"Tíì ni wọ́n fi pa á láró. Ṣé ìwọ lo mú ìwé Norma?"

"Baba, ẹ wo ṣọ́ọ̀bù mi. Bí mo bá fẹ́ jalè nínú ilé yẹn, àpò ìlẹ̀kẹ̀ ni màá gbé. Èèyàn mẹ́ta ló ti bi mí léèrè rẹ̀. Ta ló ń ra ìwé tí ẹnikẹ́ni kò lè kà?"

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀rọ̀ tí mo wá gbọ́ gan-an nìyẹn.

"Ẹ máa gbé máàpù yìí lọ," ó wí bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà. "Ojú ń tì mí láti wò ó."

Mo gbé e.

*

Mo lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì. Oṣù kẹrin ni, afẹ́fẹ́ ṣì tutù. Adágún náà fẹ̀ bí òkun, ṣùgbọ́n kò ní iyọ̀. Kò rùn. Ojú mi ní òkun ni, imú mi ní irọ́ ni. Ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ fún mi láti ọjọ́ tí mo ti dé.

Mo to ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó mú ìwé fi ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà kì í ṣe èrè ló ń wá. Ó ká àpò, nítorí náà kò bínú sí onílé. Omi ń ṣàn, ó ń dúró, léraléra. Ẹni tó ń fọ aṣọ kì í ti omi pa lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ń fọ ọwọ́, tó ń yọ ẹnu, tó ń fọ ẹsẹ̀, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, àga.

Obìnrin náà sì búra. Silvia rò pé ìbúra yẹn ló tú u fó. Èmi ti gbọ́ ìbúra àwọn olè fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Olè kì í kọrin kó tó búra.

Mo rẹ́rìn-ín. Ajá kan tó ń kọjá lọ yíjú wò mí.

*

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ reluwé ní àárọ̀. Mo pààrọ̀ ní àárín ìlú, mo sọ̀ kalẹ̀ ní gúúsù, mo wọ bọ́ọ̀sì dé Auburn Gresham. Àwọn obìnrin tó dé fìlà ńlá ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ràhámọ̀tù ń gbé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, Sẹ̀kínátù, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tó ń tún bàtà ṣe.

Sẹ̀kínátù ló ṣílẹ̀kùn. Ràhámọ̀tù kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò jalè. Wọ́n ti suspend mi. Agency ní bí police bá lè kọ orúkọ mi sílẹ̀, mo ti lọ nìyẹn. Ọmọ méjì ni mo fi sọ́dọ̀ ìyá mi n'Íwòó, Bàbá."

"Dìde."

"Mo kúkú sọ fún un," Sẹ̀kínátù wí. "Mo ní, má gba shift nílé abọ̀rìṣà. Ó ní màmá yẹn nice. Ẹ wo nice!"

"Sẹ̀kínátù, lọ po tíì."

"Ó ti wà lórí iná, Bàbá. Mi ò kúrò níbí, mo fẹ́ gbọ́."

Mo jókòó. Ràhámọ̀tù jókòó sílẹ̀ níwájú mi.

"Ṣé o fọwọ́ kan ohun Yemayá?"

"Láé! Aúsù bílláhì! Mo ti sọ fún Silvia."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. N kò béèrè ohun Yemayá mọ́. Kùránì tó wà nílẹ̀ ńkọ́?"

Ó la ẹnu.

"Kùránì wo?" Sẹ̀kínátù bèèrè.

"Bàbá," Ràhámọ̀tù wí, "ta ló sọ fún yín?"

"Norma gbọ́ àlùwàlá rẹ. Kò mọ ohun tó gbọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ní Thursday, mo ń nu ilẹ̀ lábẹ́ ìkòkò yẹn. Àpò yẹn ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí awọ nínú ẹ̀, awọ náà ti já, mo sì rí bísímílláhì. Bàbá, omi ń kán sí i! Omi òrìṣà ń kán sórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Mi ò lè sùn mọ́jú. Ní Friday mo ní, mi ò lè fi í sílẹ̀ báyìí."

"O wá yọ ọ́ nínú àpò. Ṣùgbọ́n o ní o kò fọwọ́ kan àpò."

"Gloves mi ni mo wọ̀, tí mo fi ń wẹ màmá. Mo fi gloves mú àpò, mo yọ ìwé náà, mo ká àpò náà dáadáa torí nǹkan onínǹkan ni. Mo wá bọ́ gloves, mo ṣe àlùwàlá, kí n tó fọwọ́ mú Kùránì. Tí Silvia wá ní, níbo ni ohun Yemayá wà. Ó wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀! Mo rò pé wọ́n ń fẹ̀sùn nǹkan òrìṣà mìíràn kàn mí ni. Kò béèrè Kùránì lọ́wọ́ mi."

"Níbo lo wá gbé e—" Sẹ̀kínátù bẹ̀rẹ̀.

"Má sọ ọ́," mo ní fún Ràhámọ̀tù. "Jẹ́ n sọ ọ́. O fi aṣọ funfun wé e."

"Gèlè mi, Bàbá. Ó mọ́."

"O gun àga ní ilé ìdáná. Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù tó ga jù, níbi tó ti fẹ́ kan àjà, kò sì sí nǹkan mìíràn lórí rẹ̀."

Sẹ̀kínátù pàtẹ́wọ́. "Ẹ wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá. Kùránì ìyá mi wà lórí pákó, lókè ẹnu ọ̀nà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí iná ṣẹ́ ní àdúgbò wa, òun ló kọ́kọ́ gbé jáde. Ọmọ mẹ́fà la jẹ́. Ó ní àwa ní ẹsẹ̀."

Ràhámọ̀tù rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ó dìde, ó wọ bàtà.

"Mo ń bá yín lọ, Bàbá. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e láìní àlùwàlá."

"Ẹ mu tíì kẹ̀!" Sẹ̀kínátù kígbe tẹ̀lé wa.

*

Agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí a dé. Silvia ṣílẹ̀kùn, ó rí ẹni tó wà lẹ́yìn mi, ó fẹ́ tì í pa. Mo fi ẹsẹ̀ dá a dúró. Ràhámọ̀tù bọ́ bàtà, ó kí Norma lórí ìkúnlẹ̀, ó gba balùwẹ̀ lọ. A gbọ́ omi. Ó ṣàn, ó dúró. Ó ṣàn, ó dúró. Norma gbórí sókè.

"Ìró tí mo gbọ́ nìyẹn," ó wí.

Ràhámọ̀tù fa àga, ó gùn ún. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, gèlè funfun wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Silvia fi ẹ̀yìn ti ògiri. "Mo tú gbogbo ilé yìí."

"Àyà lo dúró sí," mo ní. "Ẹ̀yin ń gbé ohun iyì sún mọ́ ilẹ̀. Àwa ń gbé e sókè. Ibi tí ìwọ ì bá gbé e sí lo ti wá a."

Silvia yíjú. Ó wo Ràhámọ̀tù. "Mo fi orúkọ burúkú pè ọ́."

"Ẹ ò tíì fún police lórúkọ mi?"

"Rárá."

"Ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ pe agency mi o. Lónìí."

Èmi náà ṣe àlùwàlá. Mo jókòó ti Norma. Mo fi ọ̀bẹ kékeré já òwú awọ náà. Kì í ṣe Kùránì; ewé ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ́ sí mẹ́jọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà dára ju tèmi lọ. Mo kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀.

Ìlà kìíní, bísímílláhì.

Ìlà kejì: èmi Jìbírílù, ọmọ Tàwàkálítù, ni mo kọ ọ́.

"Dúró," Norma wí. "Gabriel ńkọ́?"

"Jìbírílù ni Gabriel. Àwọn olówó rẹ̀ ló yí i padà."

Ó pe orúkọ náà. Kò pè é dáadáa. Mo tún un pè, ó tún un pè. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gún. Ó tún pe ti ìyá ọkùnrin náà.

Ìlà kẹta: wọ́n tà mí ní Àgbádárìgì.

Ìlà kẹrin: a wọ ọkọ̀ sọdá ọ̀sà, a rin orí iyanrìn títí a fi gbọ́ òkun.

"Níbo nìyẹn wà, Salá?"

Mo tẹ́ máàpù Gerardo sórí itan rẹ̀. Èké ni, ṣùgbọ́n ọ̀sà tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe èké. Mo fi ìka tọ omi náà síhà ìwọ̀-oòrùn títí ìwé fi tán, mo sì gbé ìka mi lé apá àga rẹ̀. "Níbí. Iyanrìn náà funfun. Igi àgbọn pọ̀ níbẹ̀. Mo ti sùn níbẹ̀ nínú ọkọ̀ wa nígbà púpọ̀. Àwọn apẹja a máa dáná."

"Ṣé ibẹ̀ dára?"

"Ó dára."

Ìlà karùn-ún: ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì lórí òkun.

Ìlà kẹfà: a wọ inú omi kan tí ilẹ̀ yí ká. Odò kan ń wọ inú rẹ̀ lápá ọ̀tún, odò kan lápá òsì.

Norma di ọwọ́ mi mú. "Yumurí lápá ọ̀tún. San Juan lápá òsì. Ó tọ̀nà, bí èèyàn bá ti ojú òkun wọlé. Àwa tí wọ́n bí sórí ilẹ̀, òdìkejì la máa ń wí." Ó fìka kan ìwé náà. "Inú ọkọ̀ ló ti wò ó."

Ìlà keje bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: ìlú mi ni. Lẹ́yìn ìyẹn, àbàwọ́n omi ló kù, títí dé ìsàlẹ̀ ìwé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ràhámọ̀tù la ẹnu, ó pa á dé. Norma rí i.

"Sọ ọ́, ọmọ mi."

"Màmá, ẹ má bínú. Ká ní òkè ló wà láti ọjọ́ yìí, omi ò ní jẹ orúkọ ìlú yẹn."

"Ká ní òkè ló wà," Norma wí, "olówó ẹrú ì bá rí i, ì bá sì sun ún. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wo abẹ́ ìkòkò Yemayá rí."

Norma ní kí n tún un kà láti òkè. Mo tún un kà. Ó ní kí n fi èdè tí ọkùnrin náà ń sọ nílé kà á. Mo fi Yorùbá kà á. Ó pa ojú dé.

Ní agogo márùn-ún, ọlọ́pàá tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Silvia sọ fún un pé a ti rí i. Ó bèèrè ibi tí a ti rí i. Silvia ní lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọlọ́pàá náà pa ìlà mẹ́ta rẹ̀ rẹ́.

Norma bọ́ nínú iṣẹ́ abẹ náà, ó sì lo ọdún méjì sí i. Ìwé náà wà nílé Silvia báyìí, lórí kọ́bọ́ọ̀dù tó ga jù, nínú gèlè funfun. Àpò ìlẹ̀kẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ìlà mẹ́fà ló kù, àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta: ìlú mi ni.